Omi Ìkògòsì, láti ayé UNAD títí di Dìsẹ́ḿbà tó kọjá

Ẹnìkan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé níbo ni òun lè kó àwọn ọmọ òun lọ ní wíkẹ́ẹ̀ndì, ibi tí kò ní jìnnà sí Adó-Èkìtì, tí àwọn ọmọ á gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀. Mi ò tíì rò ó tí mo fi dáhùn pé Ìkògòsì ni. Ó wá ní ṣé ibẹ̀ ṣì dáa, torí òun gbọ́ pé wọ́n ti tún un kọ́ pátápátá, pé kì í ṣe ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n òun máa ń ròyìn mọ́. Ìbéèrè yẹn ló mú kí n jókòó kọ èyí, torí mo mọ ibẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ igbó, mo sì tún lọ ní Dìsẹ́ḿbà tó kọjá, mi ò lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn.

Fún ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí, ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì ni Ìkògòsì wà, Arámọ̀kọ ni olú ìlú wọn. Láti Adó, ẹ ó gba Ìyìn, ẹ ó gba Ìgèdè, ẹ ó dé Arámọ̀kọ, ẹ ó wá yà sọ́nà Erìjìyàn. Omi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, kálukú ń sun láti ojú tirẹ̀, ó ń ṣàn bọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á wá pàdé lójú kan, wọ́n á jọ máa lọ. Ẹ lè dúró síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún yín wà nínú omi gbígbóná, kí tòsì wà nínú èyí tó tutù. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó rò pé àsọdùn ni títí wọ́n fi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

2003 ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo wà ní ọdún kejì ní UNAD, Yunifásítì Adó-Èkìtì, ìyẹn EKSU ti òde òní. Àwa mẹ́fà la jọ máa ń lọ, obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin méjì, mẹ́ta nínú wa sì jọ ń gbé yàrá kan ní Ìwọ̀rọ̀kọ̀. Tó bá ti di Fúráídé, tí kíláàsì aago méjì bá ti parí, ẹnìkan á kàn bojú wo ẹnì kejì á ní "omi ńkọ́?", ìyẹn náà ni ìpàdé wa, kò sí ètò kankan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní igba náírà á mú igba wá, ẹni tí kò bá ní á gbé gàrí àti kúlíkúlí, ẹnìkan wà tó jẹ́ pé rédíò oníbátìrì ni ìdáwó tirẹ̀ nígbà gbogbo, a ò sì bínú sí i torí òun ló máa ń jẹ́ ká gbọ́ bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. A ó wọ bọ́ọ̀sì dé Arámọ̀kọ, láti Arámọ̀kọ a ó gun ọ̀kadà, ẹni méjì méjì lẹ́yìn ọlọ́kadà, ẹrù á wà lórí táńkì níwájú, atẹ́gùn á máa fẹ́ wa lójú, igbó á máa sún mọ́ ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá ti yí padà tó tutù lójijì tí òórùn ewé tútù sì gba imú, a ti mọ̀ pé a ti dé nìyẹn, a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí ọ̀kadà.

Nígbà yẹn kò sí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Ibẹ̀ ti jẹ́ ibùdó láti ọjọ́ tó ti pẹ́ lóòótọ́, míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ló sọ ọ́ di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pàgọ́ láyé 1950s, àmọ́ ní ìgbà tiwa, àwọn ilé kéékèèké tó ti gbó la bá, fèrèsé onípákó, bẹ́ẹ̀dì onírin, àtùpà lórí tábìlì. Igi ńláńlá ló bo gbogbo ẹ̀ lórí. Iná NEPA kò sí lọ́pọ̀ ìgbà, a ò sì bèèrè ẹ̀. GSM ti dé Adó nígbà yẹn ó, ẹni kan nínú wa tiẹ̀ ní Nokia, àmọ́ tá a bá ti sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì yẹn, nẹ́tíwọ̀kì ti kú, ẹnikẹ́ni ò lè rí wa mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sínú WhatsApp, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, bí ara ṣe máa ń fúyẹ́ tó téèyàn bá mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè pe òun.

Ìyá kan wà nínú ìlú, Ìyá Oníyán la máa ń pè wọ́n. Wọn kì í bi wá pé èló lẹ máa jẹ. Wọ́n á kàn wò wá, wọ́n á kà wá lórí, wọ́n á ní "ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ tún ti dé, ẹ wọlé, ulé rè é," wọ́n á sì lọ mú iṣu. Àwọn ọkùnrin wa méjèèjì ló máa ń bá wọn gún un, ọ̀kan nínú wọn ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò gún iyán rí láyé ẹ̀ kó tó bá wa dé ibẹ̀, Ìyá Oníyán di ọwọ́ ẹ̀ mú mọ́ ọmọ odó, wọ́n kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń jẹ́ kí ọmọ odó fúnra ẹ̀ wálẹ̀ dípò kéèyàn máa fi agbára tì í. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sè, ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ti yan gbẹ, ìgbà mìíràn ìgbín. Orí ẹní Ògòtún la ti máa ń jẹ ẹ́ níwájú ilé wọn. Mo ti jẹ iyán ní ọ̀pọ̀ ibi láti ìgbà yẹn, Èkó, Ìbàdàn, Àbújá, mi ò tíì jẹ èyí tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó sì tún rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn náà ló sọ ìtàn omi yẹn fún wa. Wọ́n ní ọdẹ kan ló ní ìyàwó méjì, ìyálé gbóná lára, ìyàwó kékeré tutù bí omi àmù, ìjà wọn kì í tán, ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, àwọn méjèèjì di omi, ọkọ náà di òkè tó dúró lórí wọn. Mo ti gbọ́ ọ ní oríṣiríṣi lẹ́nu àwọn mìíràn lẹ́yìn náà, ti Ìyá Oníyán ni mo mú. Àwọn tó kàwé nípa òkúta náà ní àlàyé tiwọn, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ bíi ti ìtàn: wọ́n ní kì í ṣe pé òkè tó ń yọ iná wà lábẹ́ ibẹ̀, omi òjò ló ń gba inú òkúta tó ti sán wọlẹ̀, ó ń lọ jìnnà sísàlẹ̀ níbi tí inú ilẹ̀ ti gbóná, ó máa ń gbóná lọ́hùn-ún, á tún gba ibi tí òkúta ti là gòkè padà. Ìyẹn ni pé omi tó ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín yẹn ti rin ìrìn àjò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Alẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Tá a bá ti jẹun tán, a ó gbé àtùpà kan, a ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi omi, a ó jókòó sínú ibi tó gbóná, omi kì í jìn, á kàn bo ẹsẹ̀ dé ìdí. Òkùnkùn biribiri, ìró kòkòrò, omi tó ń ṣàn, ẹ̀rín. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, èéfín á máa rú lójú omi, ẹ ò ní rí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín dáadáa, ohùn ẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́. Nínú oṣù kọkànlá 2004, bàbá ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kò fẹ́ bá wa lọ, a fipá mú un ni. Gbogbo alẹ́ Fúráídé kò sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó sínú omi gbígbóná yẹn, àwa náà jókòó tì í, kò sẹ́ni tó sọ pé pẹ̀lẹ́ o, kò sẹ́ni tó gbàdúrà. Láàárọ̀ Sátidé ó dìde, ó rìn lọ síbi tí omi méjèèjì ti pàdé, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò ju ẹ̀rín yẹn lọ. Ó wà ní Kánádà báyìí, tá a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ṣì máa ń bi mí pé "omi ńkọ́?"

Ọjọ́ tá a bá ń padà, a máa ń bu omi gbígbóná yẹn sínú jálá, a ó fi ìró wé e, ká lè fi han àwọn ará yàrá tó kù ní Ìwọ̀rọ̀kọ̀. Kò gbóná délé rí. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á ní omi kànga lẹ bù.

Ó dáa, ti ìsinsìnyí. Ìjọba Gómìnà Fayemi tún ibẹ̀ ṣe láàárín 2010 sí 2014, lẹ́yìn náà ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Omi ibẹ̀ náà ni wọ́n ń rọ sínú ìgò tí wọ́n ń pè ní Gossy, ẹ ti mu ún rí kẹ́ ẹ má mọ̀. Dìsẹ́ḿbà tó kọjá, àwa márùn-ún la lọ, èmi àti ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo ń bẹ̀rù kí n tó lọ, mo jẹ́wọ́. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ téèyàn bá ní ibì kan tó fẹ́ràn láti ìgbà èwe, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Nígbà tá a débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ọ̀nà wà tí wọ́n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, èèyàn lè rìn lórí ẹ̀ dé ibi tí omi ti pàdé láìfi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀. Ó kọ́kọ́ dùn mí. Ibi tó jẹ́ pé gbòǹgbò igi la fi ń di ara wa mú, tá a máa ń yọ̀, tá a máa ń ṣubú lu ara wa. Àfi bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn tí mo rí ìyá ọkọ mi tí wọ́n di ọmọ mi obìnrin lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ọ̀nà yẹn, ọ̀pá wọn ń dún kọ́ kọ́ kọ́. Bí ibẹ̀ ṣe rí ní 2003, wọn ò lè dé ibẹ̀ láéláé. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, wọ́n ní "Olúwa o ṣeun", wọ́n dúró síbẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọn ò fẹ́ jáde. Láti ìgbà yẹn mi ò tún ní ohun tí mo máa sọ sí ọ̀nà yẹn mọ́, ẹni tó ṣe é kú iṣẹ́.

Omi yẹn ò yí padà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí torí ìyẹn gan-an ni ìbéèrè ẹni tó bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ṣì gbóná bí omi tí wọ́n fi ń wẹ̀ fọ́mọ tuntun, kì í bó èèyàn, ó kàn ń gba inú ara wọlé ni. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì tutù débi tí ọmọ mi ọkùnrin fi fò sókè. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tún wà báyìí tí wọ́n ń darí omi gbígbóná yẹn sí, àwọn ọmọ mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀, a sì jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ títí ìka wọn fi hunjọ. Èmi ò lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ní tèmi, mo padà sídìí omi ìsàlẹ̀, mo wá òkúta kan jókòó sí lábẹ́ igi, mo ń wo ẹja wẹ́wẹ́.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé èèyàn pọ̀. Dìsẹ́ḿbà ni, ọmọ Èkìtì tó wà nílé àti lókè òkun ló dé, ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ ilé ìwé, àwọn tó wá ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ayọ̀ wọn ni, mi ò ní sọ pé kí wọ́n má wá, àmọ́ ẹni tó bá ń wá ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń ròyìn yìí kò lè rí i ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Sátidé nínú oṣù ọdún. Mo rí i ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi nìkan, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, èéfín ń rú lójú omi bó ṣe máa ń rú. Mo jókòó, mo pe ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Kánádà, nẹ́tíwọ̀kì wà, mo kọjú fóònù sí omi kó lè gbọ́ ọ. Ó jí sùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Àwa méjèèjì kàn dákẹ́ lórí fóònù, tó ṣe díẹ̀, ó ní òun máa wálé lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó bí mi nínú. Yàrá inú ibùdó omi yẹn ti kún kí a tó pè, ẹ̀bi wa ni, a ò tètè pè, la bá lọ sùn ní gẹ́ẹ̀stì háòsì kan tí mi ò ní dárúkọ, kò jìnnà síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wọn wà lábẹ́ fèrèsé wa, wọ́n tàn án títí di aago méjìlá òru, nígbà tí wọ́n pa á, ooru bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì tó wà ní fèrèsé ti ya. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ti oúnjẹ. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé iyán wà, mo ní kí wọ́n gbé e wá, nínú ọkàn mi mo ti ń sọ ìtàn Ìyá Oníyán fún àwọn ọmọ. Bí wọ́n ṣe gbé e dé, mo fọwọ́ kàn án, mo mọ̀. Pọ́ńdò ni. Kò sí kókó kan ṣoṣo nínú ẹ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, kò ní òórùn iṣu, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbọ́ ìró odó kankan láti ìgbà tá a ti débẹ̀. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa jẹ́ owó iyán gidi. Pọ́ńdò kì í ṣe májèlé, mo máa ń rò ó nílé tí ó bá ti rẹ̀ mí, àmọ́ ẹ pè é ní pọ́ńdò. Kí èèyàn wà ní Èkìtì, kí iṣu wà lẹ́bàá ọ̀nà láti Ìyìn títí dé Erìjìyàn, kí wọ́n wá gbé ẹ̀lùbọ́ inú ọ̀rá síwájú àlejò kí wọ́n pè é ní iyán, ó dùn mí dé egungun. Ìyá ọkọ mi jẹ òkèlè mẹ́ta, wọ́n fọwọ́, wọ́n ní oorun ń kun àwọn. Ọmọkùnrin tó gbé oúnjẹ wá bẹ̀ wá, ojú sì tì í, kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo bèèrè Ìyá Oníyán nínú ìlú. Wọ́n ti kú, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Ilé wọn ṣì wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ló ń gbé e. Mo dúró níwájú ẹ̀ díẹ̀, mo kí àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n fún mi lómi mu. Ọ̀kan nínú wọn ló júwe ibi tí obìnrin kan ti ń gúnyán lẹ́bàá ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù páànù kékeré ni, kò ní orúkọ kankan lára, ẹ kàn máa gbọ́ odó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i. Ẹ jẹun níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi jẹ tiwọn tán, wọ́n jẹ lára tèmi.

Tẹ́ ẹ bá máa lọ, àwọn nǹkan díẹ̀ rè é. Ẹ lọ ní ọjọ́ Tọ́sìdeè tàbí Fúráídé tí kì í ṣe ọdún, ẹ pe yàrá sílẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ má ṣe bíi tiwa. Ẹ mú káàṣì dání, àwọn tó ń ta nǹkan nínú ìlú kì í sábà ní POS tó ń ṣiṣẹ́. Bàtà tí kì í yọ̀, aṣọ òtútù fún àárọ̀, oògùn ẹ̀fọn. Ẹ di àwọn ọmọdé mú létí omi torí òkúta ibẹ̀ ní èéhù tó ń yọ̀. Àwọn kan á sọ fún yín pé omi yẹn ń wo làkúrègbé sàn, ìyá ọkọ mi ní orúnkún àwọn fúyẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, inú mi dùn sí i, àmọ́ wọ́n ṣì ń lo oògùn tí dókítà kọ fún wọn, kí ẹ̀yin náà máa lo tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sínú omi yẹn. Mo yọ mẹ́rin níbi tí omi ti pàdé, mo kó wọn sínú báàgì mi wálé. Tẹ́ ẹ bá ní àkókò, ìsọ̀sílẹ̀ omi Arinta tó wà ní Ìpólé-Ìlórò ò jìnnà síbẹ̀, a yà síbẹ̀ fún wákàtí kan, ó dáa, àmọ́ ẹsẹ̀ àgbà ò lè gun ibẹ̀.

Nígbà tá a fẹ́ máa bọ̀ nílé, ọmọ mi obìnrin ti mu Gossy rẹ̀ tán, ló bá lọ sídìí omi gbígbóná, ó rọ ọ́ kún ìgò náà, ó fi síkáàfù ẹ̀ wé e, ó ní òun fẹ́ fi han ọ̀rẹ́ òun ní Bàsírì, ládùúgbò kan ní Adó. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ jálá fún un rí. Mo wo ọkọ mi, òun náà wò mí, torí òun ni ọmọ Ìjẹ̀bú tí Ìyá Oníyán kọ́ ní iyán gígún. A ò sọ nǹkan kan. A dé Arámọ̀kọ, ó fọwọ́ kàn án, ó ní ó ṣì ń gbóná. A dé Ìgèdè, ó tú síkáàfù, ó tún fọwọ́ kàn án, ó gbé ìgò náà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Mọ́mì, ó ti tutù." Ó dákẹ́ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Adó, ó wá ní tá a bá tún ń lọ, ká gbé fláàsì dání.